Àdúà Tí Hàlímọ̀tù Kò Ṣe Àmín Sí

“Ọlọ́run Ọba, London tí Hàlímọ̀tù wọ̀ yìí, jẹ́ kó gbà á mọ́ra. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ gbé e padà sílé, bá wa dí i lọ́nà.”

“Àmín,” ni gbogbo pálọ̀ dáhùn, àfi ẹni tí wọ́n ń ṣàdúà fún.

Àáfà Habeebullah ti fẹ́ bọ́ sórí àdúà mìíràn kó tó fura. Ó la ojú kan. Hàlímọ̀tù ló jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀ yìí, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bó ti yẹ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pa dé bí ṣọ́ọ̀bù Rye Lane lọ́jọ́ Kérésì. Àáfà wúkọ́, ó tún àdúà náà ṣe, ó rọra fà á gùn bí ẹni ń fi ògì lọ ọmọ tí kò fẹ́ mu. Àmín tún dún. Ẹnu Hàlímọ̀tù kò ṣí.

“Ó jọ pé ó ti sùn lọ,” ni Alàájì Làtíìfù wí. Òun ni àbúrò bàbá Hàlímọ̀tù, òun ló ni ilé, òun náà ló pe Àáfà.

“Mi ò sùn, Dádì. Mi ò lè ṣe àmín sí i ni.”

Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí. Àmín ẹni tí wọ́n ń ṣàdúà fún ló yẹ kó rinlẹ̀ jù lọ. Àmín tó bá sì ti bọ́ lẹ́nu èèyàn lójú àgbà, ọ̀rọ̀ ti di gbígbà nìyẹn, kò sí pé mo ń rò ó mọ́. Alàájì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi gba ọ̀nà àdúà yọ sí i. Hàlímọ̀tù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ omi ìjọba nílé ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń yẹ omi wò kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ aráàlú. Àjọ kan tó máa ń mú àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wá kàwé sí i lókè òkun ló mú un wá. Fẹ́lóṣíìpù ni wọ́n ń pè é. Ọdún kan gbáko ló fi ń ti Peckham wọ bọ́ọ̀sì lọ kàwé ní New Cross. Àdéhùn àjọ náà kò lọ́jú pọ̀: bí o bá kà á tán, o padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ó ti kà á tán. Ọjọ́bọ̀ ni yóò wọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n Alàájì ti bá a rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Àwọn yẹn ṣetán láti bá a ṣe físà, èsì rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń retí.

Àńtí Mìsítúrà, ìyàwó Alàájì, ló kọ́kọ́ rí ohùn. Ó ka àwọn tó wá kàwé bẹ́ẹ̀ tí wọn ò padà: èyí tó ti ra ilé sí Nunhead, èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti di dókítà. Ó ní, “Ajá wo ló ń sá fún eegun?”

Hàlímọ̀tù ní òun mọ ẹnì kan tí kò padà, ẹni náà sì ló kó bá òun. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ àwọn ló kọ́kọ́ rí fẹ́lóṣíìpù yìí gbà. Bó ṣe kà á tán ló wábi gbà, tí wọn ò rí i mọ́. Láti ìgbà náà ni àjọ yẹn kò ti mú ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ àwọn mọ́. Òun bẹ̀ wọ́n títí ewú fi yọ lórí òun kí wọ́n tó gbà. Rahmah, tí àwọn jọ ń yẹ omi wò, ló kàn báyìí.

“Bí mo bá ṣe àmín yẹn, Rahmah ni mo tilẹ̀kùn mọ́.”

“Ṣé Rahmah ló bí ẹ ni?” Alàájì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Èmi náà wá kàwé, Hàlímọ̀tù. Mi ò padà. Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé mo ṣàṣìṣe?”

Hàlímọ̀tù kúnlẹ̀ lórí ẹní tó wà.

“Rárá, Dádì. Wàhálà ara yín lẹ fi kàwé, ẹ ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Èmi ṣèlérí. Ibí yìí lẹ kọ́lé ayé yín sí, ó sì yẹ yín. Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ tèmi.”

Nusaybah, ọmọ Alàájì obìnrin, ti gbé ọpọ́n àkàrà dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì látàárọ̀. Ó bèèrè bóyá wọ́n ṣì lè jẹ ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé sààrà àtidúró ni wọ́n fi ṣe. Àáfà wo ọpọ́n náà, ó ní sààrà kì í bàjẹ́, kó gbé e máa bọ̀.

Alàájì kò tiẹ̀ wo àkàrà. Ó ti fóònù sí Hàlímọ̀tù. “Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé o ò bọ̀ mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó yá, fẹnu ara rẹ sọ fún un.”

Ó rò pé ibẹ̀ lọkàn rẹ̀ máa ti rọ̀. Hàlímọ̀tù pe nọ́ńbà náà, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo ilé lè gbọ́.

“Ìyá mi, èmi ni. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bọ̀.”

Ìyá bèèrè láti Ìwó, “Wọ́n lé ẹ ni?”

“Wọn ò lé mi. Iṣẹ́ wà, ilé wà, wọ́n ní kí n dúró. Èmi ni mo ní mò ń bọ̀.”

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti ròyìn fún gbogbo ẹgbẹ́ ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ òun ti di ará London, kí ni kóun wá sọ fún wọn báyìí.

“Ẹ sọ fún wọn pé mo ti ṣe ohun tí mo wá ṣe tán.”

Ó kí ìyá rẹ̀, ó pa fóònù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Alàájì. Alàájì gbà á láìwo ojú rẹ̀. Hàlímọ̀tù ká ẹní, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì wọ yàrá lọ di ẹrù rẹ̀.