Ìdérí Táǹkì Tó Wà Lápò Mi

Ẹni tó bá ní mo ṣe ṣekárími lọ́jọ́ yẹn ò purọ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń rọ epo sínú bàálù àwọn ọmọ ọlọ́mọ nílé ẹ̀kọ́ awabàálù, kí ló dé tí mi ò ní yangàn lọ́jọ́ tó kan ọmọ tèmi? Ìdánwò ìkẹyìn ni. Tó bá yege, ó di awabàálù pátápátá. Tó bá fìdí rẹmi, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Oníbéèrè ni mò ń pè é láti kékeré. Kí ló dé tí bàálù ò ju apá? Ta ló ń wò ó kó má baà jábọ́? Ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́.

Ẹni tí wọ́n yàn láti rọ epo fún un, mo ní kó lọ jókòó, mo ní ti ẹbí ni tòní. Bí mo bá ti ṣí táǹkì tó wà lápá bàálù, àpò àyà ẹ̀wù mi ni mo máa ń ju ìdérí ẹ̀ sí, kó má baà yí sọnù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa rọ́bà epo yọ ni Oníbéèrè jáde láti ọ́fíìsì nínú yunifọ́ọ̀mù funfun. Orí mi wú. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, mo ní, "Ọ̀gá awabàálù, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàámi, ẹ má tíì pè mí bẹ́ẹ̀."

Mo wa ọkọ̀ epo lọ sẹ́yìn ilé, mo ń súfèé bí ọkọ ìyàwó. Mo ròyìn ọmọ mi fún àwọn gbálẹ̀gbálẹ̀ títí ó fi sú wọn. Ìgbà tí mo fẹ́ mú áńkáṣíìfù nujú ni ọwọ́ mi kan irin lápò. Ìdérí ni.

Mo yọjú, bàálù ti ń rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń gbéra.

Táǹkì tí ò ní ìdérí, atẹ́gùn ló máa fa epo inú ẹ̀ jáde lókè, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ṣùgbọ́n awabàálù gbọ́dọ̀ yí bàálù ká kó tó wọlé, kó fọwọ́ kan ìdérí fúnra ẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, olùdánwò tó jókòó tì í á mọ̀ pé kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdánwò bàjẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ tèmi náà sì lè lọ. Mo bú ara mi dáadáa. Ìwọ tó o fẹ́ ṣe ṣekárími, o ti ṣe é.

Mo gbé rédíò ọwọ́ mi sẹ́nu. "Ẹ dá bàálù náà dúró. Èmi tí mo rọ epo sí i ni mo gbàgbé ìdérí táǹkì. Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí."

Gbogbo pápá ló gbọ́. Bàálù dúró, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì.

Kí n tó sáré débẹ̀, ọ̀gá wa ti débẹ̀. Olùdánwò, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ti sọ̀ kalẹ̀, Oníbéèrè wà lẹ́yìn ẹ̀. Mi ò lè wojú ọmọ mi. Mo na ìdérí náà sí wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bá ọmọ yìí wí. Ẹ̀bi mi ni."

"Ẹ wo apá bàálù," olùdánwò ní.

Ìdérí wà níbẹ̀. Tuntun ni, ó ń dán.

"Ó bá táǹkì ní ṣíṣí nígbà tó ń yẹ bàálù wò. Ó lọ gba ìdérí mìíràn ní sítọ̀. Ìwé ẹ̀ nìyí."

Ìwé àkọsílẹ̀ bàálù ni. Mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ mi mọ̀. Ó kọ ọ́ pé ẹni tó rọ epo fi táǹkì apá òsì sílẹ̀ láìdé, ó sì kọ orúkọ mi sí i ní kíkún, bíi ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Olùdánwò wo orúkọ náà, ó wo èyí tó wà láyà yunifọ́ọ̀mù ọmọ mi. "Kí lo jẹ́ sí ọkùnrin yìí?"

"Bàbá mi ni, sà." Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n.

Ọ̀gá wa gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ epo lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa lọ sílé títí wọ́n á fi pè mí. Mi ò jiyàn. Olùdánwò ní kí ìdánwò máa lọ. Oníbéèrè yà sọ́dọ̀ mi kó tó gun bàálù.

"Bàámi, ṣé ẹ ń bínú sí mi?"

Inú ń bí mi lóòótọ́, sí ara mi. Inú mi sì tún dùn. Mo ní, "Ká ní o ò kọ ọ́ ni, ìgbà yẹn ni ǹ bá bínú sí ọ. Ó yá, Ọ̀gá awabàálù, ẹ máa lọ."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní kí n má pe òun bẹ́ẹ̀.