Ọjọ́ Tí Igi Mama Magdalene Ṣẹ́ ní Peckham

Tí Kàbírù bá ní òun lágbára, ẹ má bá a jiyàn, ẹ sáà gbé orí yín sá. Apá ọkùnrin náà tó gbòǹgbò ìrókò. Tó bá ń po fúláwà ní kíṣìnì ilé oúnjẹ Mama Magdalene, tábìlì á máa bẹ̀bẹ̀, ilẹ̀ á mì dé Deptford, àwọn tó wà nínú train ní Forest Hill á di irin mú. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Ta ló fẹ́ lọ wọ̀n ọ́n?

Mama Magdalene yìí, ọmọ Ítálì ni, arúgbó kékeré tí ò ga ju àpò ìrẹsì lọ, àmọ́ ohùn ẹ̀ lè lé ajá kúrò nídìí ẹran. Ní abúlé wọn lórí òkè lọ́hùn-ún, gbogbo ìgbà ooru ni wọ́n máa ń ṣọdún pasta. Kálukú á gbé tábìlì síta, wọ́n á fọwọ́ ṣe é níṣojú ayé, ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ kàn án. Mama wá gbé ọdún yẹn wá sórí koríko tó wà láàárín estate, lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham, nínú London níbí. Tí oòrùn August bá ti mú báyìí, ayé á pé síbẹ̀, ará Stockwell o, àwọn Mummy oníhíjáàbù o, òyìnbó tòun tajá ẹ̀ o.

Lọ́dún yìí, Mama ní ọwọ́ òun ti rẹ̀. Ó gbé igi kan sórí aṣọ funfun, igi gígùn tó ń dán, tí wọ́n fi ń yí fúláwà títí táá fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá ẹ̀ ló gbé e fún un, ìyá ìyá ẹ̀ ló sì gbé e fún ìyẹn. Ó ní láàárín Kàbírù àti Yaqub tí wọ́n jọ ń bá òun ṣiṣẹ́, ẹni tí pasta tiẹ̀ bá fẹ̀ jù, tó fẹ́lẹ́ débi téèyàn á fi rí ọwọ́ ara ẹ̀ láti òdìkejì, òun ló máa gba igi náà, òun ló máa di ọ̀gá kíṣìnì. Ẹnì kejì á máa fọ abọ́ lọ.

Kàbírù sì ti ń fọ abọ́ látọjọ́ tó ti Ìwó dé. Tí wọ́n bá to àwo tó ti fọ̀ léra, á kan òṣùpá. Ó ti búra nílé pé tóun bá tún fọ òmíràn, kí wọ́n má pe òun lọ́mọ bàbá òun mọ́.

Yaqub ní tiẹ̀, Peckham ni wọ́n bí i sí. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́, ìka ẹ̀ gùn bíi ti onídìrí, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀.

"Bro Kàbírù," ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ rọra now. Kí ni fúláwà yẹn ṣe fún yín? Pasta ni o, kì í ṣe olè."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, ọmọ oní-innit. Tí mo bá yí tèmi tán, council á wá tọrọ ẹ̀ kí wọ́n fi bo òrùlé estate."

"Swear down? Ẹ búra? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jó búrẹ́dì nínú toaster lánàá?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Kàbírù náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín nìkan ló fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ o, tí wọ́n bá ti po fúláwà yìí tán, wọ́n gbọ́dọ̀ dé abọ́ lé e níbòòji kó sùn, kó rọ̀. Kò ní ìwúkàrà, kì í wú. Atẹ́gùn ò gbọdọ̀ fẹ́ sí i rárá. Kàbírù dé abọ́ lé tiẹ̀. Àsìkò ìrun ọ̀sán tó, ó wá pe Aunty Àsúmáù, àbúrò bàbá ẹ̀ tí òun ń gbé lọ́dọ̀ wọn.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa wo nǹkan yìí. Mò ń lọ kírun."

"Máa lọ, ọmọ mi. Ìwọ lo máa gbà á lónìí, ínṣà Allàh."

Nígbà tó fi máa dé, Aunty ò sí níbẹ̀, wọ́n ti lọ wá omi rà. Abọ́ ti ṣí sílẹ̀. Fúláwà ẹ̀ wà nínú oòrùn gangan, níhòòhò, ojú ẹ̀ ti gbẹ, ó ti là bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Yaqub ti ń yí tiẹ̀, ó ti fẹ̀ kọjá etí tábìlì, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bíi léèsì.

"Ta ló gbé fúláwà mi sóòrùn?"

"Èwo? Mi ò mọ̀ o, bro. Ó ti gbẹ? Ah. Peak. Ó mà ṣe o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa á.

Ìgbájú tí Kàbírù kọ́kọ́ gbá a, fúláwà tó wà lójú Yaqub tú sókè bí èéfín, ẹyẹlé tó wà lórí ilé fò lọ. Yaqub fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí ẹyin tí wọ́n tò kalẹ̀, gbogbo ẹ̀ fọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Kó tó dìde, Kàbírù ti wà lórí ẹ̀, ó ń lù ú bó ṣe ń po fúláwà, ó ń fi ìkúùkù kì í mọ́lẹ̀. Imú ọmọ náà lọ sápá kan. Yaqub gé e jẹ létí, ó gé e jẹ dénú eegun, ó sì fi orí kàn án lágbọ̀n. Ìkòkò omi gbígbóná dànù, obìnrin kan ké, àwọn èèyàn ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀.

"O ya wèrè?" Yaqub ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, kò rántí "ẹ" tó fi ń bọ̀wọ̀ fún un mọ́. "Mi ò fọwọ́ kan stupid fúláwà ẹ!"

"O fọwọ́ kàn án! Ìwọ lo fẹ́ kí n máa fọ abọ́ títí mo fi máa kú!"

Kàbírù nawọ́ sẹ́yìn, ọwọ́ ẹ̀ ba igi Mama Magdalene. Ó gbé e sókè, ojú ẹ̀ ò ríran mọ́. Yaqub gbé apá sókè kó fi bo orí.

Kọ̀ọ́!

Ohun méjì ló ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Igi dá sí méjì. Apá Yaqub náà wá tẹ̀ níbi tí igbọ̀nwọ́ ò sí. Ariwo tí ọmọ náà ké, ẹni tó wà lókè òkun gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí pasta tó fẹ́lẹ́ bíi léèsì.

Àárín ìyẹn ni Aunty Àsúmáù já wọ̀ ọ́ tòun ti ike omi wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí! Kí lẹ ń para yín sí?"

"Ó gbé fúláwà mi sóòrùn, Aunty! Ó bà á jẹ́!"

Aunty wo abọ́. Wọ́n wo oòrùn. Ike omi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Kàbírù. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

"Ẹ̀yin?"

"Mo ṣí i wò, kò wú. Puff-puff mi, tí ò bá tètè wú, oòrùn ni mo máa ń gbé e sí. Mo ní kí n bá ẹ ràn án lọ́wọ́ kó wú ju ti ẹnì kejì ẹ lọ."

Kàbírù ju igi tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Gbọọrọ ló nà sílẹ̀ nínú ẹyin àti fúláwà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tóun fi ọdún bíi mélòó kan jù lọ. "Yaqub, má bínú. Má bínú." Yaqub dìde wọ́gọwọ̀gọ, ó di apá ẹ̀ mú, ó sì fi bàtà gbá a lẹ́nu. Eyín kan fò. Ó tún gbá a. Kàbírù ò gbórí sókè, kò sì sẹ́ni tó ní kí Yaqub dáwọ́ dúró, àfìgbà tó rẹ òun fúnra ẹ̀.

Mama Magdalene ò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ba gbogbo èèyàn lẹ́rù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú èyí tó gùn jù nínú igi náà, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ apá Yaqub, ó ya aṣọ funfun, ó fi dì í pinpin. Omijé ń bọ́ lójú ẹ̀ sórí ìdì náà.

"Kíṣìnì tìẹ ni," ó sọ fún un lóyìnbó. "Tí ọwọ́ bá jinná, kí o wá." Kò wo apá ibi tí Kàbírù wà.

Àwọn ọlọ́pàá dé. Wọ́n béèrè ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Aunty Àsúmáù na ọwọ́ méjèèjì síwájú wọn. "Me! Na me put am for sun!"

"Ẹ má dá Aunty lóhùn. Èmi ni," Kàbírù sọ, ẹ̀jẹ̀ ń já lẹ́nu ẹ̀. Ó tún un sọ lóyìnbó kó lè yé wọn: "It was me. Just me."

Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́, fúláwà ṣì wà lábẹ́ èékánná ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, Aunty ń sá tẹ̀ lé e lórí Rye Lane, híjáàbù wọn ti yẹ̀, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara ọkọ̀, wọ́n ń sọ fáwọn ọlọ́pàá pé kò wú, pé kò wú ni.