Èèpo Ọkọ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán. Ẹ ṣáà mọ Rísì tó ń bó ọsàn tà ní oríta wa, ẹni tí ọkọ mi máa ń yìn pé èèpo kì í já lẹ́nu ọ̀bẹ rẹ̀. Nínú àlá mi, pálọ̀ mi ló jókòó sí, ọkọ mi ló gbé lé itan tó ń bó. Ọkọ mi ti di ọsàn ńlá, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ wà lórí. Èèpo ń ṣí lára rẹ̀ gbọọrọ, kò já, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ọkọ mi sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ fún.

Mo ní, "Mú ọ̀bẹ yẹn wá! Èmi ni ìyàwó rẹ̀!"

Rísì ò tiẹ̀ wò mí. "Ìyá Ayọ̀, ọwọ́ yín wúwo. Ẹ ó gé funfun abẹ́ èèpo, omi rẹ̀ á sì dà nù."

Mo bá ká èèpo náà nílẹ̀, mo ń wé e mọ́ ara mi láti ẹsẹ̀ dé ọrùn, oje rẹ̀ ń ta mí lójú. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń súnkì bí ọsàn tó pẹ́ lórí àtẹ. Ó ní kí n dá èèpo òun padà, òtútù ń mú òun. Mo ní kó lọ bẹ Rísì kó bá a wá òmíràn.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká, mo lajú. Gbogbo aṣọ ìbora ti lọ́ mọ́ mi lára, ọkọ mi ká jọ sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ̀n.

Ó ní, "Ìyá Ayọ̀, kí ni o ní kí n lọ bẹ Rísì fún?"

Mo tún aṣọ ìbora wé mọ́ra dé ọrùn. Mi ò sì dá aṣọ padà.