Abẹ́rẹ́ Tí Kò Níṣẹ́

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi agbára tì í mọ́!"

Obìnrin kan já wáyà gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe jẹun, láti àárọ̀ ló sì ti wà lórí ìdúró ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu kó tó yà sílé bàbá wọn. Eku ló jẹ wáyà tó so dísìkì mọ́ pátákó inú kọ̀ǹpútà bàbá, ẹ̀gbọ́n sì ti sáré ra tuntun. Ẹni tó ti ra nǹkan tán kì í fẹ́ gbọ́ pé kò bá a mu.

"Ṣebí tuntun ni? Ṣé tuntun ò dáa ju ti àtijọ́ lọ ni?"

"Ó dáa, àmọ́ wọ́n ti dí ihò kan lẹ́nu rẹ̀. Pátákó yìí ti pẹ́ láyé: abẹ́rẹ́ kéékèèké ogójì ló yọ jáde lára rẹ̀. Níbo ni ẹ fẹ́ kí ọ̀kan tó ṣẹ́kù wọ̀? Ẹ wò ó, ó ti wọ́."

Obìnrin náà ti gbìyànjú láti lu ihò yẹn, abẹ́rẹ́ ìránṣọ méjì ló ti ṣẹ́ sí i. Kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ṣì ń lo irú dísìkì bẹ́ẹ̀.

"Ohùn ìyá yín tí mo gbà sínú dísìkì yẹn ńkọ́?" Bàbá béèrè láti orí àga rẹ̀. "Mo ti ń gbàgbé bó ṣe máa ń dún."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ egungun. Látìgbà tí ìyá wọn ti kú, bàbá kì í jẹ́ kí wọ́n yọ ohunkóhun kúrò nínú ilé yìí. Bàtà ìyá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, agbòjò rẹ̀ tó ti ya ṣì wà lórí ìṣó.

"Bàá mi, mo lè gé abẹ́rẹ́ yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n tí mo bá gé e, kò ṣeé dá padà o. Tí mo bá sì ṣèèṣì gé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tán nìyẹn."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Kò ṣiṣẹ́ kankan, sà. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni."

"Bíi tèmi."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà."

Bàbá wo bàtà ẹnu ọ̀nà. "Gbé ẹ̀mú tí o fi ń gé wáyà wá. Èmi fúnra mi ni máa gé e."

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, àbúrò ṣẹ́jú sí i. Obìnrin náà di ọrùn ọwọ́ bàbá mú, ó fi ẹnu ẹ̀mú sí ibi tó yẹ.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n," bàbá ń kùn lábẹ́ ẹnu.

Ó dún kín. Nǹkan tí kò tó hóró ìrẹsì fò sórí tábìlì, wáyà sì wọlé wẹ́rẹ́. Obìnrin náà tan kọ̀ǹpútà, ó sì kùn títí, àfi bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Obìnrin náà wá ibi tí bàbá gba ohùn náà sí, ó ṣí i. Nígbà tó yá, ohùn obìnrin kan jáde:

"Bàbá wọn, ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́? Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ mi o."

Bàbá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́," ó dáhùn. "Máa sọ̀rọ̀ lọ."