Ẹ̀rọ Tí Yóò Gbé Ohùn Àlàkẹ́

Ẹni tó bá ní kí Lateefah dá lọ ra kọ̀ǹpútà, ẹni náà kò mọ ìyá Lateefah. Obìnrin yẹn fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣinṣin. Ó ní ọmọ òun kan ò ní kó owó lọ bá ọlọ́jà ní Fìdítì láìsí ẹni tó dàgbà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bó ṣe ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nìyẹn, Alhaji Yúnúsà, tó ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìlọrá, tí gbogbo ẹbí gbà pé ojú rẹ̀ ń ríran lọ́jà. Òun ló yan ọ̀kadà fún Ikrimah, àbúrò Lateefah. Òun ló máa ń yan àgbò iléyá fún gbogbo agboolé. Ó wá kan kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni mo fẹ́ sọ o. Owó wà nílẹ̀, Lateefah ti ṣiṣẹ́ kó o jọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè rà á, tó bá ṣì í rà, ó di kó máa wò ó. Ṣọ́ọ̀bù fídíò ló ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìlọrá. Òun ló ń ya ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìn ìkórè, tí á gé e, tí á tò ó, tí á mú kí orúkọ ìyàwó máa fò wọlé lójú sikirínì bí ẹyẹ. Láptọ́ọ̀pù tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti darúgbó. Bó bá ti gbé iṣẹ́ tó wúwo lé e lórí, á gbóná, á sì dákú, àfi kó tún un tàn.

Iṣẹ́ kan ti há sínú ẹ̀rọ arúgbó yìí: ìgbéyàwó Mùbárákà, ọmọ Alhaji Yúnúsà fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà mẹ́ta ni Lateefah háyà láti fi yà á, àwọn tí àwòrán wọn mọ́ ketekete, torí ọmọ ẹbí ni. Àwòrán tó mọ́ báyẹn ló wá wúwo ju ẹ̀mí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó náà ni Àlàkẹ́, ìyá ìyàwó, ìyẹn aya Alhaji, ṣàìsàn, ó sì kú. Láti ìgbà náà ni Alhaji ti ń béèrè fídíò. Kò bínú béèrè rí. Á kàn yà ní ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Lateefah, ti ìyá rẹ yẹn ńkọ́?" Lateefah á ní, "Ó ku díẹ̀, Bàbá." Irọ́ gbuu! Kò ku díẹ̀ rárá. Àdúrà ọdún Àlàkẹ́ sì ti sún mọ́lé, Lateefah sì ti ṣèlérí pé ọjọ́ náà ni gbogbo ilé máa wò ó.

Ohun tí Alhaji kò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà nínú fídíò yẹn. Nígbà tí Mùbárákà kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ ṣàdúrà fún un, Alhaji ò sí nínú ilé. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń bá jẹnẹrétọ̀ jà. Ariwo jẹnẹrétọ̀ náà ló sì bo àdúrà mọ́lẹ̀. Mùbárákà ń sunkún, kò gbọ́ tán. Lateefah tó dúró ti kámẹ́rà ló gbọ́ ọ délẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹnu Àlàkẹ́ ló yẹ kí ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu òun.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n kọjá Jóbẹ̀lẹ̀, wọ́n kọjá Akínmọ̀rìn, Alhaji ò dákẹ́.

"Ohun téèyàn bá fẹ́ rà, kó kọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́ wò. Kó wo ara rẹ̀ dáadáa. Má sì jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀ o, wọ́n á fá ẹ lórí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni Lateefah ń wí. Kí ni kó tún wí? Òun náà ti mọ ohun tó ń wá kó tó kúrò nílé. Sọ́fítíwíà tó fi ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí àwọn tó ṣe é fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Kì í lo èyí tí wọ́n jí mọ́, láti ìgbà tí irú rẹ̀ kan ti kó fáírọ́ọ̀sì wọlé, tó jẹ odindi ìsìn ìkórè ìjọ Aládùúrà kan ní Ìwàrè tán, tó di pé ó lọ kúnlẹ̀ bẹ wòlíì àti gbogbo ìjọ. Ojú rẹ̀ rí màbo lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ yìí ní ohun tó ń jẹ: orí káàdì tó ń gbé àwòrán ló ń di gbogbo ẹrù lé. Bí káàdì yẹn ò bá lágbára, iṣẹ́ ò ní lọ. Ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ sè.

Olúdáre, ọmọ Fìdítì tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀, ti gbé méjì kalẹ̀ dè wọ́n. Èkíní jẹ́ láptọ́ọ̀pù dúdú kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́, iná pupa, iná búlúù àti iná aláwọ̀ ewé ń sá kiri lábẹ́ àwọn lẹ́tà rẹ̀. Èkejì jẹ́ àpótí irin kan tó ga dé orúnkún, ara rẹ̀ ti họ, ìhà kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gbogbo wáyà inú rẹ̀ hàn síta, sikirínì rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.

Alhaji ò wo èkejì lẹ́ẹ̀mejì. "Kí lèyí? Àpótí tí wọ́n fi ń yan ẹja?"

Ó gbé láptọ́ọ̀pù, ó ń gbé e sókè sódò bí ẹni tó ń fọwọ́ wọn iṣu. Ó fi ìka nu ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo iná tó ń sá kiri, inú rẹ̀ sì dùn, ó ti gbàgbé pé òun ló ní ká má jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀. "Èyí ni ọmọ! Wo bó ṣe ń tàn!"

"Alhaji, ojú yín ò fọ́," ni Olúdáre wí, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. "Mo tilẹ̀ ti kó gbogbo sọ́fítíwíà sínú ẹ̀ fún un. Èyí tó jẹ́ olówó gọbọi lókè òkun, mo ti já kọ́kọ́rọ̀ ẹ̀. Kò ní ra nǹkan kan mọ́."

Lateefah rántí wòlíì Ìwàrè. Ó sún mọ́ Alhaji, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, àpótí yẹn ló lè ṣe iṣẹ́ mi."

"Àpótí yẹn? Tí NEPA bá wá mú iná lọ ńkọ́? Èyí ní bátìrì nínú. Tìẹ yẹn, bí iná bá ti lọ, ó ti kú nìyẹn. Ìlọrá lò ń gbé o, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù."

Ẹ má pe ọkùnrin náà ní òpè. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Lateefah sì ní èsì: bí láptọ́ọ̀pù bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí bátìrì, kì í pẹ́ tán, á sì máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Sólà àti ìnfátà sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó lè gbé àpótí náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí káàdì inú àpótí bá jó, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i. Bí ti láptọ́ọ̀pù bá jó, ó dìgbà. Ó fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú Alhaji ń yí padà.

"Ṣé èmi lò ń kọ́ lọ́jà rírà, Lateefah? Lójú ọlọ́jà?"

Lateefah rí i pé bí òun bá tún sọ gbólóhùn kan, àrífín ló máa dà, ìyá òun á sì gbọ́ kí bọ́ọ̀sì tó dé Ìlọrá. Bó bá sì dákẹ́, iná pupa, iná búlúù ló máa gbé relé, fídíò Àlàkẹ́ á sì há síbẹ̀ títí ayé. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ gun ọ̀kadà Ikrimah lọ sórí òkè kẹ́ ẹ tó gbà pé ẹ máa rà á? Ẹ ní ọ̀kadà tí ò tíì gbé ẹrù gun òkè, a ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká gun èyí náà wò."

Orí Alhaji wú. "Ìwọ náà rántí? Ó dáa. Olúdáre, gbé òkè kan wá fún un."

Òkè ọ̀hún wà nínú báàgì Lateefah. Ó ti tẹ Olúdáre láago tẹ́lẹ̀ pé kó fi sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ sórí ẹ̀rọ méjèèjì, háàdì díràìfù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Àmọ́ nígbà tó ṣí i, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò sí iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ tó wúwo tó ìgbéyàwó Mùbárákà. Ojú tì í. Ṣé inú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù, láàárín páálí àti wáyà, ló yẹ kí bàbá yìí ti rí ìyàwó rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí kò bá rí i níbí, ibo ló tún ti máa rí i? Ó tẹ̀ ẹ́.

Ojú Àlàkẹ́ yọ lórí láptọ́ọ̀pù, gèlè aláwọ̀ ewé lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí Mùbárákà tó kúnlẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

"Àlàkẹ́," ni Alhaji wí.

Lateefah tẹ ohun tó ń yọ ariwo kúrò lára ohùn èèyàn. Fáànù láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Àwòrán ń fò, ó ń dúró, ó tún ń fò. Ohùn obìnrin náà wá yọ díẹ̀díẹ̀: "Mùbárákà, ṣé ò ń gbọ́ bàbá rẹ..." Ó dúró. Àlàkẹ́ la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé, kò lè sọ̀rọ̀. Iná pupa àti iná búlúù ń sá kiri lábẹ́ rẹ̀ ní tiwọn.

"Kí ló dé? Kí ló fẹ́ sọ nípa mi?"

"Ẹ̀rọ ti dákú, Bàbá."

"Jí i."

Wọ́n tún un tàn, wọ́n tún un ṣe. Ibẹ̀ gan-an náà ló tún dúró sí. Olúdáre ní bóyá ooru ni, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Alhaji ti yí ojú sí àpótí ẹja.

"Lateefah, gbé e sórí ìyẹn."

Ó gbé e síbẹ̀. Àpótí náà ò tan iná, kò pariwo. Àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú sikirínì, kò sí èyí tó ń kọsẹ̀. Lateefah yọ ariwo kúrò. Jẹnẹrétọ̀ ń lọ sẹ́yìn, ó ń lọ sẹ́yìn, títí tó fi ku ohùn Àlàkẹ́ nìkan, bí ìgbà tó jókòó sọ́dọ̀ wọn.

"Mùbárákà, ṣé ò ń gbọ́ bàbá rẹ tó ń pariwo lẹ́yìnkùlé yẹn? Jẹnẹrétọ̀ ló ń bá jà. Jẹ́ kó máa pariwo. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkùnrin yẹn, kò jẹ́ kí n jókòó sínú òkùnkùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ ni Ọlọ́hun máa fún ọ."

"Àmín," ni Alhaji Yúnúsà wí, bí ẹni pé ó wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Àmín o, Àlàkẹ́. Èmi ò mọ̀. Mo rò pé ariwo mi ń sú ẹ ni."

Lateefah náà ń sunkún. "Ẹ foríjì mí, Bàbá. Ilé ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ."

"Tún un ṣe," ni ó wí. Ó tún un ṣe. Olúdáre jáde lọ dúró síta, kò ta ọjà fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi wò ó tán.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, awakọ̀ ní kí wọ́n gbé àpótí sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lábẹ́ àpò gàrí. Alhaji ní láéláé. Orí itan rẹ̀ ló gbé e sí, ó gbá a mọ́ra pẹ̀lú gbogbo bó ṣe ń họ ọ́ lápá.

Ó di ẹ̀yìn Jóbẹ̀lẹ̀ kó tó ní, "Ìnfátà rẹ yẹn, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá. Àfi bí òjò bá ṣú fún ọjọ́ bíi mélòó kan."

"Bí òjò bá ṣú, tó o bá ń ṣe tìyá rẹ lọ́wọ́, tí iná sì lọ, pè mí. Màá gbé jẹnẹrétọ̀ wá fúnra mi." Ó tún àpótí náà gbé dáadáa lórí itan. "Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni màá gbé jẹnẹrétọ̀ náà sí."