Àgbá Kejìlénígba

Ẹni tó bá sanwó ọtí ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lódindi, tó wá ń mu omi lásán, ó yẹ kí èèyàn bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ohun tí agbọ́tí ń rò lọ́kàn nìyẹn nígbà tí bàbá arúgbó kan wá jókòó síwájú rẹ̀ fún ọjọ́ kẹta, tó tún ní kí ó bu omi tútù fún òun.

Àjà kẹsàn-án nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan ni agbọ́tí ti ń ṣiṣẹ́. Ilé alájà mẹ́tàlá ni ọkọ̀ ọ̀hún, tó ń rìn lójú òkun gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń tẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, bó bá jí láàárọ̀ tó yọjú lójú fèrèsé, tó rí i pé omi ló yí gbogbo àwọn ká, tí kò sí bèbè níbì kankan, ẹnu rẹ̀ a ṣì máa là sílẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí òkun ò bá yà lẹ́nu mọ́, kí olúwa rẹ̀ lọ wáṣẹ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Púpọ̀ nínú àwọn èrò ló máa ń ra pákéèjì ọtí kí wọ́n tó wọkọ̀. Wọ́n á sanwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á gba káàdì, ife mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ sì di tiwọn. Ṣùgbọ́n pákéèjì ní gbèdéke. Ọtí tí owó rẹ̀ ò bá kọjá gbèdéke, ẹ̀rọ á tan iná aláwọ̀ ewé, èrò á gba ife rẹ̀, ó di gbére. Tó bá fi lè kọjá pẹ́nrẹ́n, iná pupa ni. Nínú ọkọ̀ tí agbọ́tí ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, owó tó fi lé ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ èrò. Nínú èyí tó wà yìí, bí ọtí bá ti kọjá ààlà, pákéèjì ò mọ̀ ọ́n rí nìyẹn. Gbogbo owó rẹ̀ pátá lèèyàn máa san. Àìmọye èrò ló ti jágbe mọ́ agbọ́tí lórí ọ̀rọ̀ yìí, àfi bí ẹni pé òun ló jókòó ṣòfin. Òfin kejì tún wà: ife tí wọ́n bá fi pákéèjì gbà, ẹni tó gbà á nìkan ló gbọdọ̀ mu ún. Kò gbọdọ̀ fi í lọ ẹlòmíràn, ì báà ṣe aya tó fi owó gidi fẹ́.

Pẹpẹ òkè, níbi tí àwọn iná wẹ́wẹ́ ti ń tàn, làwọn ọtí tó kọjá gbèdéke máa ń wà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ìgò kan wà níbẹ̀ tí ife rẹ̀ kan ṣoṣo lè gbé ìdajì owó oṣù agbọ́tí lọ. Ìgò yẹn gan-an ni bàbá máa ń wò. Kò wo òkun, kò wo àwọn tó ń ta omi síra wọn létí ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Bó bá ti mu omi ẹ̀ẹ̀kan, ojú rẹ̀ á tún padà sókè. Àwọn òṣìṣẹ́ kò tilẹ̀ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Bàbá Olómi.

"Bàbá, ẹ má bínú o," ni agbọ́tí wí lọ́jọ́ kẹta yẹn. "Mo rí i pé pákéèjì yín pé. Ṣé inú ló ń rùn yín ni, àbí dókítà ló ní kẹ́ ẹ má mu?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tóbi, èékánná àtàǹpàkò òsì ti fọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì hù dáadáa mọ́. "Ara mi le kokooko, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, bá mi sọ ìgò òkè yẹn kalẹ̀ kí n fojú kàn án. Wíwò kò kúkú gbowó."

Agbọ́tí gbé e wá síwájú rẹ̀. Bàbá ò fọwọ́ kàn án. Ó kọ́kọ́ wá awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í sójú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ara ìgò: orúkọ ilé iṣẹ́, ọdún tí wọ́n pọn ọtí, àti nísàlẹ̀ pátápátá, ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, pé inú àgbá kejìlénígba ló ti wá. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ló bá ṣí fìlà lórí.

"Èmi ni mo ṣe é," ni bàbá wí.

"Ẹ̀yin lẹ pọn ọtí yìí?"

"Mi ò pọntí rí láyé mi. Àgbá rẹ̀ ni mo ṣe." Ó na ìka sí ìgò náà. "Ohun tó wà nínú yìí, bí omi ló rí nígbà tó kúrò lórí iná. Kò láwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni á máa ta èèyàn lọ́fun. Inú àgbá onígi ló sùn sí fún ọgbọ̀n ọdún tó fi dà bó ti dà yìí. Igi ló fún un láwọ̀, igi náà ló kọ́ ọ níwà. Àwa tá à ń ṣe àgbá, a máa ń yá pákó nína títí á fi gbà láti tẹ̀, a máa wá fi irin gbà á lámùrè. Kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí àtè, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ jò."

"Kò sí ìṣó kankan?"

"Ẹyọ kan báyìí, kò sí."

Agbọ́tí wo ìgò yẹn bí ẹni tí kò rí i rí. Ọdún mẹ́rin ló ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu irú ọtí yìí fún èèyàn. Nígbà tí wọ́n dé ìdérí àgbá yẹn, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni òun alára. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ, ó sìnkú òbí méjèèjì, gbogbo ìgbà yẹn ni ọtí yìí fi wà nínú òkùnkùn, tó ń sùn, tí igi ń kọ́ ọ. Kò mọ̀ pé sùúrù lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Bàbá wá sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Àgbá kejìlénígba ni àgbá àkọ́kọ́ tó dá ṣe láìsí pé ọ̀gá rẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Etí odò ni wọ́n ti gé igi tó fi ṣe é, igi tí omi àkúnya ti bò mọ́lẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún. Nígbà tó parí rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ tẹ orí bọ inú àgbá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Igi yìí korò. Ọtí tó bá sùn síbí á korò. Fọ́ ọ, kó o fi í dáná."

"Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́," ni bàbá wí. "Mo bẹ̀ ẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi sú u. Ó ní ó dáa, kí n yí i wọlé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, ojú èmi ló máa tì. Lọ́dún kẹjọ, ọ̀gá mi kú. Èmi náà fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó ṣí i. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mi ò mọ̀ bóyá òun ló jàre àbí èmi."

"Bàbá, bó ti wọ́n tó yìí, ó ní láti dùn."

"Ọjọ́ orí ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ọmọ mi. Ṣé gbogbo arúgbó ló gbọ́n ni?" Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Ọjọ́ tá a máa gúnlẹ̀ ni mo máa mu ife kan. Bá mi tọ́jú ẹ̀ dè mí."

Inú agbọ́tí dùn. Ó ti rò pé bàbá ní owó kan tó fi pamọ́ fún ọjọ́ náà. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé ọtí ọ̀hún ti ń lọ sílẹ̀, oníṣòwò obìnrin kan sì wà tó ń fi owó ara rẹ̀ ra ife kan nínú rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sán. Màdáámù Sódà làwọn òṣìṣẹ́ ń pe ìyẹn. Kò sí ọtí tí màdáámù yìí ò ní bu sódà sí, kó lè rọrùn lọ́fun wọn. Bí wọ́n bá ti ń da sódà lé ọtí ọgbọ̀n ọdún yẹn báyìí, ńṣe ni Bàbá Olómi máa ń di ojú mọ́rí bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ yọ.

Ọjọ́ keje pé. Lọ́sàn-án, bàbá dé nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé káàdì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ti tó àkókò," ni bàbá wí.

Agbọ́tí fi káàdì kan ẹ̀rọ. Iná pupa tàn. "Ẹ jẹ́ n kọ owó rẹ̀ sí yàrá yín, àbí ọwọ́ lẹ máa san?"

"Owó kẹ̀? Ṣebí mo ti san án." Ojú bàbá mọ́lẹ̀ kedere. "Láti ọjọ́ tá a ti wọkọ̀, mi ò mu ẹyọ ife kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tọ́ sí mi. Ẹ ṣírò ẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ, kẹ́ ẹ wá fi ẹyọ kan tòkè yẹn san án fún mi."

Agbọ́tí gbé káàdì kúrò lára ẹ̀rọ. Ó bi í pé ta ló sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Bàbá ní kò sẹ́ni tó sọ, ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe àgbá, ilé iṣẹ́ máa ń fún oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ife ọtí kékeré lójúmọ́. Ẹni tí kò bá mu tirẹ̀, wọ́n á fi ẹfun fa ìlà kan sára ògiri fún un, lópin oṣù á kó ìlà rẹ̀ jọ, á gba ìgò ọtí tó dára ju èyí táwọn tó kù mu lọ. Ogójì ọdún ni bàbá fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì pàdánù ìlà kan rí.

"Bàbá mi," ni agbọ́tí wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹ̀rọ yìí ò ní ògiri. Tójúmọ́ bá ti mọ́, ó ti gbàgbé tàná."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, bàbá."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó tún fi í sí i. "Ẹ̀bi mi ni. Ẹni tí kò bá béèrè ọ̀nà ló ń ṣìnà." Bàbá ti sọ fún agbọ́tí rí pé ọmọbìnrin òun ló ra ìrìn àjò náà fún òun. Agbọ́tí ní kí òun fóònù sí i, bàbá sì fọwọ́ ṣe rárá. Ọmọ ọ̀hún ti ṣe tirẹ̀. Òun kì í ṣe bàbá tó ń ṣe báárà lọ́dọ̀ ọmọ.

Ni agbọ́tí bá sáré tọ alábòójútó lọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí táì rẹ̀ kì í wọ́ láéláé. Ó ní kí wọ́n yọ owó ife náà nínú owó oṣù òun. Alábòójútó ní òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ ra ọtí fún èrò, iṣẹ́ àwọn méjèèjì ló máa bọ́. "Ẹ̀rọ ò mojú àánú," ló wí, ṣùgbọ́n òun náà ò lè wo ìhà ibi tí bàbá jókòó sí.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Màdáámù Sódà wọlé, tí wọ́n jókòó ti bàbá, tí wọ́n ní kí agbọ́tí bu ife tàwọn wá. Agbọ́tí gbé ìgò. Ife kan péré ló kù nínú rẹ̀, kò sì sí ìgò mìíràn irú rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó dà á títí ó fi kán tán. Màdáámù Sódà ti ń ṣí sódà.

"Ìyá mi," ni bàbá wí, "mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bẹ́ẹ̀, láìbu nǹkan kan sí i. Ẹ kàn bá mi wò ó bóyá ó korò."

Màdáámù Sódà wò ó tòkètilẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ bá mi sanwó ẹ̀ ni?"

"Rárá o."

Bí bàbá ti sọ "rárá" yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbé sódà sílẹ̀. Wọ́n gbé ife sẹ́nu, wọ́n fà á díẹ̀. Bàbá tẹjú mọ́ wọn, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó rí i tí ojú tí wọ́n fà ro ń tú díẹ̀díẹ̀, tí ọwọ́ wọn rọra bọ́ sórí pẹpẹ, tí obìnrin tí kì í pa ẹnu dé látàárọ̀ dọjọ́ alẹ́ wá jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n. Lójú fèrèsé, òkun tẹ́ lọ salalu, kò sẹ́ni tó wò ó.

"Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti ń mu nǹkan yìí," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn, "mi ò mọ̀ pé báyìí ló rí. Ta ló ṣe é?"

"Ẹni tó jókòó tì yín ni," ni agbọ́tí wí. "Àwọn ló ṣe àgbá tó sùn sí fún ọgbọ̀n ọdún. Wọn ò sì tọ́ ọ wò rí."

Màdáámù Sódà dìde dúró. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ti ife náà sí iwájú bàbá.

Alábòójútó sún mọ́ wọn. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, òfin ò gbà kẹ́ ẹ fi ife yín fún ẹlòmíràn—"

"Ẹ̀gbọ́n," ni agbọ́tí wí, "ti pákéèjì lòfin yẹn. Pákéèjì ò mọ ọtí yìí rí. Owó ara wọn ni wọ́n fi rà á, ẹni tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè fún."

Alábòójútó ronú sí i. Ó wá kọ̀yìn sí wọn, ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọn ife tó ti mọ́ láti àárọ̀.

Bàbá gbé ife. Ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́ títí, ojú rẹ̀ wà ní dídì. Ó mu ún ní ẹ̀kan ṣoṣo, kò gbé e mì kíá, ó jẹ́ kó dúró lẹ́nu. Nígbà tó la ojú, omijé ti kún un. Kò wo agbọ́tí, kò wo Màdáámù Sódà. Òkè ló gbójú sí, bí ẹni tó ń wo ẹni tó ga jù ú lọ.

"Ọ̀gá mi," ó wí, "kò korò."