Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Dókítà Yí Padà

Kò sí afẹ̀ṣẹ́jà obìnrin tó lè dúró níwájú ọmọ mi. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa wá ka ife-ẹ̀yẹ rẹ̀ tó wà lókè àpótí irinṣẹ́. Mẹ́fà ni, kò sì sówó nídìí ẹ̀, torí iyì lásán la ṣe ń jà. Èmi náà jà fọ́dún mẹ́wàá kí n tó di káfíńtà. Ẹni bíni là á jọ.

A kì í kọ ìwọ̀n sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ọmọ mi á wọn igi, á pe ìwọ̀n rẹ̀ fún mi, èmi á gé e. Ó lè gbé ogún ìwọ̀n sórí kó má ṣì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjà tó gbé e dé àṣekágbá, níbi tí ẹ̀ṣẹ́ ti bà á lẹ́bàá etí lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀kùn méjì ló kúrú mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ní orí ń fọ́ òun. Mo ní kó lọ sùn. Ife keje ló wà lójú mi, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín.

Ọjọ́ àyẹ̀wò ìlera tí dókítà ń ṣe ṣáájú ìjà kò bà wá lẹ́rù. Dókítà á sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún afẹ̀ṣẹ́jà, á yẹ ara rẹ̀ wò, á wá ní kó ka ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹni tí kò bá rántí kò ní jà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí dókítà ti ń lo "ṣíbí, àkàbà, ẹyẹlé." Gbogbo wa la ti há a sórí.

Àṣé dókítà ti fura. Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ òmíràn. Ó wo ojú ọmọ mi, ó ní kó rìn lórí ìlà, ó ní kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò, ó wá bi í ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà.

"Ṣíbí, àkàbà, ẹyẹlé," ọmọ mi dáhùn kíákíá.

"Mi ò dárúkọ ìkankan nínú wọn lónìí," dókítà sọ.

Inú bí mi. "Ẹ̀rù ló ń bà á, dókítà! Ta ni kì í gbàgbé?"

"Ẹ̀yin náà ṣáà wà níbí, Bàbá. Kí ni mo sọ?"

Mo la ẹnu. Mo wá a, wá a. Ṣíbí nìkan ló ń bọ̀ wá sí mi lẹ́nu.

Ọmọ mi wò mí títí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò.

"Dókítà, ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú àṣekágbá," ó ní. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tórí ti ń fọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ bàbá mi náà wò. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi gba ẹ̀ṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan rí."

Ohun tó ń fẹ́ jù láyé ló fọwọ́ ara rẹ̀ jù sílẹ̀ yẹn, kò sì sunkún. Ó fa àga fún mi, ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá mi." Mo jókòó. Ojú tì mí, orí mi sì wú.